Ère Ta Ni Kó Dúró Lórí Ilẹ̀ Gbogbo Wa?

Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni ère àti òkúta ìrántí ẹ̀sìn lórí ilẹ̀ ìjọba. Ǹjẹ́ ìjọba lè gbé ohun ìjọsìn ẹ̀sìn kan sí àgbàlá rẹ̀, kó sì tún máa sọ pé òun kò ṣègbè? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ti ní ìdáhùn lọ́kàn ká tó wọlé. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti jà á dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ lọ́pọ̀ ìgbà, ká wo ohun tí ìjà náà fi hàn.

Àtúnṣe kìn-ín-ní sí òfin orílẹ̀-èdè wọn, tó di òfin ní 1791, sọ pé ilé aṣòfin kò gbọdọ̀ ṣe òfin tó ń fi ẹ̀sìn kan lélẹ̀ fún ìlú, kò sì gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tirẹ̀. Inú gbólóhùn kan yẹn ni gbogbo ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ ti jáde.

Ní ìlú Austin, olú-ìlú Texas, òkúta akọ kan dúró nínú ọgbà tó yí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ká. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Òfin Mẹ́wàá tí Mósè gbà lórí òkè Sínáì ni wọ́n gbẹ́ sí i lára. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Fraternal Order of Eagles ló fi ta ìpínlẹ̀ náà lọ́rẹ ní 1961, wọ́n sì pín irú rẹ̀ káàkiri ọ̀pọ̀ ìlú láyé ìgbà náà. E. J. Ruegemer, adájọ́ kan ní Minnesota tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọdé, ló dá èrò náà sílẹ̀. Ó ń rí àwọn ọmọ tó ti bàjẹ́ níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì gbà pé bí wọ́n bá mọ Òfin Mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní dé kóòtù. Cecil B. DeMille, tó gbé fíìmù The Ten Commandments jáde ní 1956, bá wọn dá sí i. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni ló gbé òkúta náà kalẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọ ń dùn ni. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro.

Ogójì ọdún kọjá kí ẹnìkan tó pe ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́. Thomas Van Orden lorúkọ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ni nígbà kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ òfin, kò sì nílé lórí mọ́. Ilé ìkàwé òfin tó wà nínú ọgbà náà ló ń lọ jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ òkúta yìí ló ń gbà kọjá, inú ilé ìkàwé yẹn náà ló sì ti kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí kò ní baba ìsàlẹ̀ kankan bá odindi ìpínlẹ̀ Texas dé iwájú adájọ́ mẹ́sàn-án ti ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2005, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ló dá a lẹ́bi. Òkúta náà wà níbẹ̀ dòní.

Lọ́jọ́ kan náà, ilé ẹjọ́ yìí dá ẹjọ́ mìíràn tó wá láti Kentucky, níbi tí àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ti gbé Òfin Mẹ́wàá kọ́ sára ògiri kóòtù ní 1999. Adájọ́ márùn-ún ní kò tọ́. Adájọ́ Stephen Breyer ló wà pẹ̀lú ìhà tó borí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó pa ohùn dà láàárín wákàtí kan. Èmi rí ọgbọ́n níbẹ̀. Òkúta ti Austin ti wà láàárín ère àti òkúta ìrántí mìíràn fún ogójì ọdún láìdá ìjà sílẹ̀. Breyer ronú pé bí ilé ẹjọ́ bá ní kí wọ́n hú u, híhú yẹn fúnra rẹ̀ yóò dàbí ẹni pé ìjọba ń bá ẹ̀sìn jà. Ti Kentucky jẹ́ tuntun, àwọn tó gbé e kọ́ kò sì fi bò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló wà lọ́kàn wọn. Ohun tí a bá nílẹ̀ àti ohun tí a fi ọwọ́ ara wa gbé kalẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi délé.

Ẹ wo Alabama náà. Roy Moore, olórí àwọn adájọ́ ìpínlẹ̀ náà, gbé òkúta akọ tó wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ wọ gbàgede ilé ẹjọ́ ní Montgomery lóru, ní 2001. Òfin Mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní kó gbé e kúrò, ó kọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2003 ni wọ́n gbé òkúta náà kúrò, nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ Moore. Ẹni tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan, tó wá gbèjà ara rẹ̀ níbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa rí kó tó rí adájọ́ ni ìkìlọ̀ pé Ọlọ́run kan ló ni ilé yìí, kì í sì í ṣe tirẹ̀. Báwo ni onítọ̀hún ṣe fẹ́ gbà pé wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ òun?

Ẹjọ́ tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù wá láti Pleasant Grove, ìlú kékeré kan ní Utah. Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò ju éékà méjì ààbọ̀ lọ, òkúta Òfin Mẹ́wàá ti ẹgbẹ́ Eagles sì wà nínú rẹ̀ láti 1971. Ní 2003, ẹ̀sìn kékeré kan tó ń jẹ́ Summum, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salt Lake City ní 1975, kọ̀wé sí ìlú náà pé àwọn fẹ́ gbé òkúta tiwọn síbẹ̀, tí wọ́n máa kọ ìlànà méje tí àwọn gbà gbọ́ sí. Ìlú kọ̀. Wọ́n ní ohun tó bá jẹ mọ́ ìtàn ìlú tàbí tí ẹni tó ti pẹ́ nílùú bá mú wá nìkan ni àwọn ń gbà. Summum lọ sí ilé ẹjọ́: bí ti Mósè bá lè dúró, kí ló ṣe tiwa?

Ní oṣù kejì 2009, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án fohùn ṣọ̀kan pé ìlú náà jàre. Adájọ́ Samuel Alito ṣàlàyé pé òkúta ìrántí tó bá dúró títí lórí ilẹ̀ ìjọba, ìjọba ló ń fi í sọ̀rọ̀, kódà bó jẹ́ aládàáni ló fi ta á lọ́rẹ, ìjọba sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ohun tí òun fẹ́ sọ. Mo gbà pé òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ í fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ọgbà éékà méjì ààbọ̀ kì í ṣe ojú ọ̀run. Bí gbogbo ẹ̀sìn bá gbé òkúta wá, ọmọdé kò ní rí ibi sáré mọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé òótọ́ yìí débi tó ń lọ. Bí òkúta náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba, a jẹ́ pé ìjọba ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá pé, “Èmi ni Olúwa Ọlọ́run rẹ.” Ìdájọ́ tó gba ìlú náà lọ́wọ́ Summum ti fi ìbéèrè mìíràn, tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, lé e lọ́wọ́. Wọn kò dá ìbéèrè yẹn lóhùn lọ́jọ́ náà.

Oklahoma dá a lóhùn lọ́nà tiwọn. Ní 2012, wọ́n gbé Òfin Mẹ́wàá sí ọgbà ilé aṣòfin wọn. Láìpẹ́, ẹgbẹ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní The Satanic Temple ní àwọn náà fẹ́ gbé ère Baphomet olórí ewúrẹ́ síbẹ̀, ariwo sì ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn wọ̀nyí ló mú kí òkúta náà kúrò. Rárá o. Bruce Prescott ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú lórí ìwé ìpẹ̀jọ́ náà, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà dájọ́ ní 2015, adájọ́ méje sí méjì, pé òfin Oklahoma kò gbà kí ìjọba fi dúkìá ìlú ran ẹ̀sìn kankan lọ́wọ́. Wọ́n gbé òkúta náà kúrò ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Inú bí àwọn aṣòfin, wọ́n ní kí aráàlú dìbò pa apá òfin yẹn rẹ́. Ní 2016, nínú ìpínlẹ̀ tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ jọjọ, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó dìbò, bíi 57 ló kọ̀. Mo máa ń sọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá rò pé aláìgbàgbọ́ nìkan ló ń fẹ́ kí ìjọba yọwọ́.

Kí ló lè mú pásítọ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí Òfin Mẹ́wàá? Ẹ gbọ́ ohun tí ìjọba máa ń sọ ní kóòtù nígbà tó bá ń gbèjà irú òkúta bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé ìtàn ni, pé àṣà ni, pé kì í ṣe ẹ̀sìn gan-an. Ní Bladensburg, Maryland, àgbélébùú kan wà tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 40, tí wọ́n parí ní 1925 láti fi rántí ọmọ ogun 49 tó kú nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Láti 1961 ni ilẹ̀ ibẹ̀ ti di ti ìjọba. Ní 2019, adájọ́ méje sí méjì ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ní kó dúró. Ọ̀kan lára ìdí wọn ni pé pẹ̀lú bó ṣe ti pẹ́ tó, ó ti ní ìtumọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí ti ẹ̀sìn. Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg, tó jẹ́ ọmọ Júù, kò bá wọn lọ. Lójú rẹ̀, àgbélébùú kò yé jẹ́ àmì àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi, kò sì lè dúró fún ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Mo fara mọ́ ọn, mo sì ń rò ó pé Kìrìsìtẹ́nì tòótọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Igi tí Olúwa rẹ kú sí, kí agbẹjọ́rò ìjọba dìde ní kóòtù kó ní ohun ọ̀ṣọ́ ìlú ni, kí ìwọ sì máa pàtẹ́wọ́ pé o ti borí!

Ohun tí mo wá sọ nìyí: kí ìjọba tó lè gba ohun mímọ́ kan sí àgbàlá rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ ìwà mímọ́ kúrò lára ohun náà. Àwọn tí wọn kò gbé òkúta tiwọn wọlé pàdánù, àwọn tí wọ́n gbé tiwọn wọlé náà sì pàdánù.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ìdájọ́ tó lágbára jù lórí àìṣègbè ìjọba ní Amẹ́ríkà, àwọn olórìṣà ló gbà á. Ní 1987, ìjọ Lukumí kan tí Ernesto Pichardo ń darí, ẹ̀sìn tí àwọn baba ńlá wa gbé dé Kúbà nínú ìdè, fẹ́ ṣí ilé ìjọsìn ní Hialeah, Florida. Ìgbìmọ̀ ìlú sáré ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹran rúbọ. Alápatà ń pa ẹran, ọdẹ ń yìnbọn, àwọn Júù ń pa tiwọn bí ẹ̀sìn wọn ṣe là á sílẹ̀. Òfin náà kò kan ìkankan nínú wọn. Ọrùn olórìṣà nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1993, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fagi lé òfin náà. Àwọn olórìṣà Hialeah kò ní òkúta ìrántí kankan lágbàlá ìjọba, kò sì sẹ́ni tó gbé ère Ọbàtálá síwájú ilé aṣòfin kankan nítorí wọn. Ohun tí wọ́n rí gbà ni pé kí ìjọba fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bọ òrìṣà wọn láìfòyà. Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé Bàhíà ní Brazil.

Ní Salvador, adágún omi kan wà tó ń jẹ́ Dique do Tororó. Láti 1998 ni ère àwọn òrìṣà wa ti dúró lójú omi náà, Ògún, Ọ̀ṣun, Ṣàngó, Yemọja àti àwọn mìíràn, wọ́n ga, wọ́n wọ aṣọ aláràbarà. Tatti Moreno ló ṣe wọ́n. Ọmọ Yorùbá tó bá rí wọn, orí rẹ̀ á wú, ó sì yẹ kó wú. Àmọ́ ní ìlú kan náà, ní 1999, ìwé ìròyìn ìjọ kan gbé àwòrán Mãe Gilda, ìyálórìṣà ní Itapuã, sójú ewé àkọ́kọ́, wọ́n fi í hàn bí ẹlẹ́tàn. Àwọn ènìyàn ya wọ ilé òrìṣà rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 2000, ọkàn rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó kú. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2007 fi ọjọ́ yẹn ṣe ọjọ́ ìgbógunti ìkórìíra ẹ̀sìn ní gbogbo Brazil. Wọ́n gbé ère Mãe Gilda sí Abaeté, ní Salvador náà, àwọn kan bà á jẹ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún bà á jẹ́. Ère tó wà lójú omi kò dáàbò bo obìnrin tó wà nínú ilé. Ní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Brazil sọ pé àgbélébùú lè wà lára ògiri ilé iṣẹ́ ìjọba, nítorí pé àṣà àti ìtàn ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ nípa àwọn ère Tororó: àṣà ni. Ẹni tó bá ń jókòó níwájú ojúbọ Ọ̀ṣun lóru pẹ̀lú omijé lójú, àṣà kọ́ ló wá bá sọ̀rọ̀.

Ó kù sílé. Apá kẹwàá òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Ní Marina l'Ékòó, níwájú ilé tí iléeṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba kọ́, ère Ṣàngó kan ti dúró láti 1964. Idẹ ni. Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, ló ṣe é. Ẹni tó ni mànàmáná ló bójú mu kó ṣọ́ ilé iná. Ère tó rẹwà ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè pé kí ló dé tí ààfáà àti pásítọ̀ fi ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìjà. Bó bá jẹ́ àgbélébùú tàbí òṣùpá-àti-ìràwọ̀ ló wà níbẹ̀, ìlú ì bá ti gbóná. Mo ti rò ó títí, ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo rí ni pé a gbà á láàyè nítorí a rò pé Ṣàngó ti kú. Kò kú. Ní 2023, UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú ìwé ogún àṣà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn nítorí pé àwọn tó ń bọ ọ́ ṣì wà, wọ́n ń bí ọmọ, wọ́n ń san owó orí bíi tiwa.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, àgbélébùú ilé ìjọsìn Chapel of the Resurrection fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀ láàárín 1985 sí 1986. Àgbélébùú náà ti wà níbẹ̀ kí mọ́ṣáláṣí ìtòsí rẹ̀ tó dé. Àwọn Mùsùlùmí ní ó wà níwájú àwọn nígbà tí àwọn bá ń kírun. Wọn kò hú u. Ohun tí a bá nílẹ̀ ni, inú mi sì dùn pé ọgbọ́n àwọn àgbà borí. Àmọ́ ibi tí a máa ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ sí nílẹ̀ yìí ni ẹnìkan fún ọ, ẹnìkan fún mi. Ṣọ́ọ̀ṣì kan àti mọ́ṣáláṣí kan wà ní Aso Rock. Àjọ ìjọba kan wà fún àwọn tó ń lọ Mẹ́kà, òmíràn wà fún àwọn tó ń lọ Jerúsálẹ́mù. A wá ń pe èyí ní àìṣègbè. Ẹ̀sìn méjì tó lágbára jù pín àgbàlá láàárín ara wọn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Oníṣẹ̀ṣe wà níta. Nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Èkó fún wọn ní ọjọ́ ìsinmi ní 2023, àwọn kan bínú bí ẹni pé wọ́n jí nǹkan wọn.

Ẹnìkan lè ní, Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ńkọ́, tó wà lábẹ́ ìṣọ́ ìjọba, tí UNESCO sì mọ̀ láti 2005? Ìyàtọ̀ wà. Ìjọba kò gbé Ọ̀ṣun síbẹ̀. Ó bá àwọn onílé nílé ni, ó sì ń ṣọ́ odò àti igi kí wọ́n má bà á bàjẹ́, àwọn onílé ṣì ń bọ ohun tí wọ́n ń bọ. Ká ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Badagry tàbí mọ́ṣáláṣí Shitta Bey l'Ékòó lọ́nà kan náà, kò burú. Bákan náà, ère Jésù ńlá tí wọ́n gbé dúró ní Abajah, ìpínlẹ̀ Imo, ní 2016, ilẹ̀ ìjọ ló wà. Kó ga dé sánmà bí wọ́n bá fẹ́. Kò kan ìjọba.

Nítorí náà, èyí ni mo ń bẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ wà nílé aṣòfin pé kí ẹ gbé yẹ̀ wò. Èyí tó ti wà tipẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Tuntun, kí ìjọba má fi owó ìlú tàbí ilẹ̀ ìlú gbé ọ̀kan kalẹ̀ mọ́, ì báà ṣe ti ẹ̀sìn èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí gómìnà kan bá sì ta kú pé òun yóò ṣí àgbàlá ilé iṣẹ́ ìjọba fún ohun ẹ̀sìn, kó kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kó sì jẹ́ kí àràbà ìlú buwọ́ lù ú pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù àti lémọ́ọ̀mù pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gbà wọlé. Gómìnà tí kò bá lè buwọ́ lu ìwé bẹ́ẹ̀, kó má ṣe fi ìpìlẹ̀ kankan lélẹ̀. Oṣù díẹ̀ sí i, ìwé ìsúná ọdún tó ń bọ̀ yóò dé iwájú yín. Ẹ ka abala iṣẹ́ òde àti abala ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn papọ̀, kí ẹ sì béèrè orúkọ ẹni tí a ń kọ́lé fún.